Ta lẹ pàdé nídìí ẹja pípa tí ẹ ò lè gbàgbé? Mo fẹ́ padà lọ wá bàbá kan ní Jẹ́bà

ỌmọÒròkí:

Ẹ kú ojú omi o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ìwọ̀ rìn. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, ibi tó jẹ́ pé tójò bá ti rọ̀ dáadáa lóṣù kẹsàn-án, orí ẹní lèèyàn á ti máa gbọ́ ìró odò. Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í pẹja nínú omi igbó Ọ̀ṣun. Ìránṣẹ́ Yèyé lẹja ibẹ̀, oyè ọba wa gan-an ara ẹja ló ti wá, A-tẹ́wọ́-gba-ẹja tó di Àtáọ́ja. Torí náà bí mo ṣe fẹ́ràn ìwọ̀ tó láti kékeré, àfi kí n wọ mọ́tò kí n tó rí ibi tí màá jù ú sí. Bí mo ṣe di ẹni tó ń rìnrìn àjò torí ẹja nìyẹn o, mo lọ dáàmù Erinlẹ̀ lápá Ẹdẹ, mo lọ Aṣejire, mo dé Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó gbà mí lọ́kàn jù ni Jẹ́bà.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀ lọ́dún 2017. Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, ẹnì kan kọ́lé síbẹ̀ ó sì ní kí n wá bá òun fa wáyà ẹ̀. Mo gba Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìlọrin, Bódè Sáàdú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn ẹ mọ bí ara ṣe máa ń rí kéèyàn tó débẹ̀. Nígbà tíṣẹ́ parí mo ṣì ní ọjọ́ méjì nílẹ̀, mo bá gbé ọ̀pá ìwọ̀ mi, èyí tí mo fowó gidi rà l'Ékòó tó ní kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò Ọya nísàlẹ̀ afárá. Bàbá kan jókòó níbẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe. Tápà ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ohùn Tápà ṣá ló fi ń sọ ọ́. Mo kí i, ó dáhùn, ó ń wò mí. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, n ò rí nǹkan kan pa. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ló dìde, ó gbé okùn ọ̀rá kan tó wé mọ́ igi kékeré fún mi, ìwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹ̀ àti òjé tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ, ó ní "Gbé tìẹ yẹn sílẹ̀ ná. Ọwọ́ ẹ ò gbọ́ ohun tí omi ń sọ."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó ní kí n fi okùn lé orí ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, kí n má gbá a mú, kí n sì dijú. Ó ní epìyà á máa kàn án tó-tó-tó bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn, ìyẹn kọ́, má fà á. Ó ní ọ̀bọ̀kún ò ní kàn, ṣe ló máa wọ́ ọ díẹ̀ tí á dúró, tó bá wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì kí n fà á. Mo dijú. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ọ lórí ìka mi, ẹ gbà mí gbọ́, àfi bíi pé ọmọ kékeré fa etí aṣọ mi. Ọ̀bọ̀kún ni lóòótọ́, ó gùn láti orí ìka mi dé ìgúnpá. Bàbá ló yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀ torí pé ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ẹja yẹn máa ń gún èèyàn burúkú, ó ki ìka méjì bọ abẹ́ ẹ̀gún náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rọ ọmọ ní agbo.

Ilé wọn ni mo sùn lọ́jọ́ náà, ọ̀bọ̀kún yẹn la fi jẹ túwó. Bàbá sọ fún mi pé òun ti ń wa ọkọ̀ lórí omi yìí kí wọ́n tó sé odò ní Kainji lọ́dún 1968, pé nígbà yẹn tómi bá kún á bo gbogbo pápá, ẹja á wọnú koríko lọ yé, apẹja á sì mọ oṣù tí òun á rówó. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sé e, tí wọ́n tún wá kọ́ ti Jẹ́bà fúnra ẹ̀, ẹni tó ń tú omi sílẹ̀ lókè ló ń sọ bóyá ilé apẹja á dáná. Ó máa ń ri igi mọ́ etí odò lálẹ́ kó lè mọ̀ láàárọ̀ bóyá omi gòkè tàbí ó fà, kó tó mọ ibi tó máa dẹ ìgèrè sí. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí mo bá lọ báyìí.

Láti ìgbà yẹn títí di 2022 mo lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò pe orúkọ mi rí, "Òṣogbo" ló ń pè mí. "Òṣogbo, ṣé o ti jẹun?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lórí fóònù. Kò sí iléyá tí kì í pè.

Wàyí o, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. N ò ní nọ́ńbà ẹlòmíì nínú ilé yẹn, ìyẹn sì ń dùn mí torí mo yẹ kí n ti gbà á. Bàbá á ti lé ní 75. Ìyàwó mi ní kí n kàn dìde kí n máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má lọ bá àga ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló jókòó sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ láìránṣẹ́? Kí ni kí n mú dání? Ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ti yín, ta lẹ pàdé nídìí omi, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí okùn yẹn ò fi já?

ÌyáẸlẹ́ja_Ìgbọ̀nà:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára. Èmi ò mọ ìwọ̀ jù, títà ni mò ń tà á l'Ọ́jà Ìgbọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ẹja tó dé igbá mi mo ti rìn. Ọdún 2009 ni mo kọ́kọ́ lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, mo wá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tán ni mo rí i pé ẹnì kan ti fi abẹ la àpò tí mo so mọ́dìí. Gbogbo owó ọjà, àti èyí tí mo yá lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́, wọ́n ti kó o lọ. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá kan tó ń yan ẹja, mi ò lè sunkún, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Ìlàjẹ ni. Ó fún mi lómi, ó ní níbo ni mo ti wá, mo ní Òṣogbo. Ó ní "Òṣogbo? Omi yín ló ń wá bá wa níbí. Ẹni tí omi ẹ̀ ń wọlé tọ̀ mí lójoojúmọ́, ṣé mo lè pè é lájèjì?"

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni o. Láti Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó kọjá lọ́dọ̀ wa, ó gba Aṣejire, ọ̀sà apá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí yẹn ló ń já sí. Mo ti gbọ́ ọ nílé ìwé rí ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Ìyá yìí gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja méjì fún mi láwìn. Kò mọ ilé mi, kò gba nǹkan ìdúró lọ́wọ́ mi, ìgbà yẹn fóònù tèmi pàápàá bàtìrì ẹ̀ ti kú. Ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé owó ẹ̀ lọ. Ó wá ní kí n jókòó kí òun kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká ẹja àrọ̀, torí èyí tí mò ń tà tẹ́lẹ̀ máa ń fọ́. Ó fi iyọ̀ pa á láti gba yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kúrò, ó fa ìrù wá sẹ́nu, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pọ̀, ó wá tò wọ́n sórí ààrò bí òrùka. Ó ní iná kékeré, èéfín púpọ̀, má kánjú, kí o yí i padà nígbà tí òróró bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iná, gbọ́ ìró ẹ̀, ṣáà, ṣáà. Títí di òní tí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn mo máa ń rántí ẹ̀.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú lọ́dún 2015, mi ò ránṣẹ́ sí i, ẹnì kan nínú ọjà ló sọ fún un. Ọjọ́ kẹta ó dé pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì láti Ẹ̀pẹ́, ó lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dọ̀ mi, ìkòkò ló ń fọ̀, ó ń sùn lórí ẹní pẹ̀lú mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó bí mi lé ò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé. Tí o bá dé Jẹ́bà má kọ́kọ́ lọ ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta ẹja létí títì ni kí o kọ́kọ́ lọ, ra ẹja lọ́wọ́ wọn, wá bi wọ́n léèrè bàbá. Ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja ló mọ̀ bóyá apẹja sùn dáadáa lálẹ́ àná. Ohun yòówù kí wọ́n sọ fún ẹ, wàá ti gbọ́ ọ kí o tó dé ẹnu ọ̀nà, ojú ẹ á ti balẹ̀ kí o tó rí àwọn ọmọ ẹ̀.

Kọ́pà_Kébbí2020:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ìbẹ̀rẹ̀ 2024 tí ẹ dárúkọ yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gé síìmù tí wọn ò so mọ́ NIN, láti òpin oṣù kejì ọdún yẹn. Àwọn àgbà tó wà létí odò, mélòó ló mọ̀ pé àwọn ní láti lọ tò fún nǹkan bẹ́ẹ̀? Ti ọ̀rẹ́ tèmi náà lọ bẹ́ẹ̀, oṣù méjì ni mi ò fi gbúròó ẹ̀, ṣé ó ti kú ni mò ń rò.

Kébbi ni mo ti sin ìlú. Oṣù kẹta 2020 ni wọ́n tún gbé ọdún ẹja Argungu dìde lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí wọn ò ṣe é. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe é, UNESCO sì fi í sára àwọn àṣà tó ń dáàbò bò lọ́dún 2016. Mo lọ wò ó ni o. Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó tò sétí odò Matan Fada, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ méjì àti akèrègbè ńlá tó ṣófo, tí wọ́n bá ti fún wọn láṣẹ gbogbo wọn á bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí kan péré ni wọ́n ní. Ilẹ̀ tí mo dúró lé ń mì.

Ọkùnrin kan jáde nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò rí ẹja ńlá pa, ọwọ́ ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo fa aṣọ inúra mi fún un, a ò gbọ́ èdè ara wa tó bẹ́ẹ̀, Háúsá tèmi ò ju "sannu" àti "nawa ne" lọ nígbà yẹn. Ó wé aṣọ yẹn mọ́wọ́, ó tọ́ka sí akèrègbè ẹ̀, ó ní kí n gbé e. Mo gbé e, ó fúyẹ́ bíi pé kò sí lọ́wọ́ mi. Òun ló wá fi yé mi pé orí ẹ̀ làwọn máa ń gbé àyà lé tí àwọn bá ń léfòó, inú ẹ̀ náà sì lẹja ń wọ̀. Bá a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Abúlé ẹ̀ ò jìnnà sí iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni Kòrónà dé, iléèwé tì, wọ́n ti ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, èmi ọmọ Òkè-Báálẹ̀ wà ní Kébbi, owó tó wà lọ́wọ́ ò tó nǹkan, mi ò lè wálé. Ọkùnrin yìí wá sí kọ́tà mi, ó ká ẹní mi, ó di í sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ní ká máa lọ. Ó lé lóṣù méjì tí mo fi wà nínú ilé ẹ̀. Òun ló fi giwan ruwa hàn mí, "erin omi" ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè wọn, ẹja tó lè wúwo ju èèyàn lọ. Ojoojúmọ́ ni à ń lọ sódò, mo kọ́ Háúsá níbẹ̀ ju bí mo ṣe kọ́ ọ ní kọ́ọ̀sì kankan lọ, torí mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń bọ́ mi máa fi ọwọ́ júwe nǹkan fún mi títí.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo máa ń pè é. Ó bí ọmọkùnrin lọ́dún 2022, èmi ni wọ́n ní kí n fún un ní orúkọ Yorùbá kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ, ẹ má tíì sunkún ẹni tó lè jẹ́ pé síìmù ẹ̀ nìkan ló kú.

ỌmọÒròkí:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ síìmù yẹn ò wá sọ́kàn mi rárá, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀, màá ṣe bẹ́ẹ̀.

Àjàó_Gáréèjì:

Ẹ má bínú o, mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé kì í ṣèèwọ̀ kí ọmọ Òṣogbo máa pẹja káàkiri? Tí mo bá wá kí Yèyé lóṣù kẹjọ tí mo rí bí ẹja yẹn ṣe ń wẹ̀ létí ibi tá a ti ń bọ omi, ó máa ń ṣe mí bákan.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:

Àjàó, ìbéèrè gidi ni. Inú igbó yẹn ni èèwọ̀ ẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹran tàbí gégi. Ohun tó mú igbó náà wà títí UNESCO fi gbà á wọlé lọ́dún 2005 nìyẹn. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó obìnrin tó wá láti Austria tó sì gbé àárín wa títí ó fi kú lọ́dún 2009, ó jà gidi kí àwọn èèyàn má bàa wọ ibẹ̀ lọ gégi, lọ pẹja. Ẹni tó bá mọ iyì ẹja ibẹ̀ ló yẹ kó wọ mọ́tò lọ pa ti ibòmíì, bí ọmọ yìí ti ń ṣe.

Ó yá, kí n bọ́ sórí tèmi, ìwọ ọmọ yìí ni mò ń bá wí. Mo fẹ́ kí o kà á dáadáa.

Aṣejire ni èmi ti máa ń pẹja láyé ọ̀dọ́ mi. Ọdún 1972 ni wọ́n parí dáàmù yẹn, nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀ láàárín 1980 sí 1990 ẹja ti kún inú ẹ̀. Ẹni tí mo máa ń bá wọkọ̀ ni Ègùn kan tó ti Àgbádárìgì wá, ọjọ́ orí wa ò jura lọ. Ohun tí àwọn tó ń wò ó látorí afárá ò mọ̀ nípa omi yẹn ni pé igi ń bẹ lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí omi bo ilẹ̀ ibẹ̀, igi kú síbẹ̀, kùkùté ẹ̀ wà lóòró nísàlẹ̀, o ò ní rí i. Ọdún 1986, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, atẹ́gùn òjò dé lójijì, ó ti ọkọ̀ wa lu kùkùté, ọkọ̀ dojú dé. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni mí, mo ti níyàwó, mo ti bímọ kan, mo ń lọ sórí omi láti ọdún dé ọdún mi ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọkùnrin yẹn di kọ́là mi mú, ó gbé ọwọ́ mi lé kùkùté kan náà tó dà wá, ó ní "Dì í mú, má jà, má jà." A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú tí ọkọ̀ míì fi rí wa. Gbogbo ìgbà yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń sọ bí ìyá ẹ̀ ṣe ń se ọbẹ̀ akàn, ó ń kà á fún mi láti orí iyọ̀ dé orí ata, kí n má bàa sùn.

Nígbà tá a dé ilẹ̀ ó mú mi búra pé màá kọ́ ìwẹ̀. Mo búra.

Ó padà sí Àgbádárìgì lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Lẹ́tà là ń kọ síra wa, nígbà tó yá fóònù dé. Gbogbo lẹ́tà ló máa ń bi mí ní ìparí pé ṣé mo ti kọ́ ìwẹ̀, èmi á ní mo ń bọ̀ wá kọ́ ọ. Lọ́dún 2008 ó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá, pé kí n wá. Àsìkò tí à ń máàkì ìdánwò ni, mo ní tí mo bá parí. Mo parí lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti sin ín lọ́jọ́rú.

Ìyàwó ẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi. Nígbà tí mo jẹ tán ó ní "Ó ní tí o bá dé kí n bi ẹ́, ṣé o ti mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Ọmọ ọdún 51 ni mí nígbà yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan níbí tó ní omi ìwẹ̀ ni mo ti lọ kọ́ ọ lọ́dún náà, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Mo ti lè wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ báyìí. Mi ò rí i sọ fún un.

Má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ.

Aláró_Ìlú:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bùn ni mo fẹ́ sọ. Ìlú aró lẹ ti ń lọ, ẹ má lọ ra aṣọ ìgbàlódé kankan fún bàbá o. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ dúdú ni kí ẹ mú, ọ̀pá márùn-ún tó lè dá bùbá àti ṣòkòtò, àti ìró kan fún ìyá. Ẹ fi obì gbànja sí i torí àwọn èèyàn apá ibẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ wé e sínú ewé tútù kó má gbẹ lọ́nà. Tápà sì làwọn baba wa sọ pé ó bí Ṣàngó lọ́wọ́ ìyá, mọ̀lẹ́bí ni wá tipẹ́, ẹ má ṣe bí ẹni ń lọ kí àlejò.

ÌyáẸlẹ́ja_Ìgbọ̀nà:

Bàbá olùkọ́, ẹ kú ọgbẹ́ ọkàn o. Ọmọ mi, o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ àbí? Kí o wá rò fún wa tí o bá dé.

ỌmọÒròkí:

Mo ti lọ, mo ti dé. Àná nirọ̀lẹ́ ni mo wọ Òṣogbo.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ, mo ra okùn ọ̀rá tuntun méjì àti ìwọ̀ páálí kan, mo jókòó sí pálọ̀, mo so ìwọ̀ mẹ́wàá mọ́ okùn fún bàbá bó ṣe kọ́ mi, ìyàwó mi ń bá mi tan fóònù sí i torí kò síná. Mo mú àdìrẹ, mo mú obì.

Mo dé Jẹ́bà lọ́sàn-án, mo lọ bá àwọn ìyá tó ń ta ẹja létí títì bí Ìyá ṣe wí. Mo ra ọ̀bọ̀kún yíyan mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀kan, mi ò tíì béèrè nǹkan kan, mo kàn ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá apẹja kan wà lápá afárá." Obìnrin yẹn wò mí títí, ó ní "Ṣé ìwọ ni Òṣogbo?"

Mo ní èmi ni. Ó ní bàbá ti ń bi gbogbo ọlọ́kọ̀ tó bá ti Òṣogbo dé, tó bá sọ pé Òṣogbo ni nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀, bàbá á ní kó bá òun wá ẹni kan tó ń ṣe wáyà. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Àbúrò mi kópà, òótọ́ ni o, síìmù ni, wọ́n gé e, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀ sì bá a lọ.

Bàbá wà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àga yẹn náà, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ojú ọ̀tún ti funfun, kò lọ sórí omi mọ́ láti ọdún tó kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀ mo kí i, kò rí mi dáadáa, ó gbọ́ ohùn mi ṣá. Ó ní "Òṣogbo, ṣé o ti jẹun?"

Mo ti gba nọ́ńbà ọmọ ẹ̀, ti ìyàwó ọmọ ẹ̀, àti ti obìnrin ẹlẹ́ja yẹn. Ọmọ ẹ̀ àti èmi ti sọ ọ́ pé a máa gbé e lọ Ìlọrin kí wọ́n lè yẹ ojú yẹn wò, lóṣù tó ń bọ̀ ni, èmi náà máa wà níbẹ̀. Bàbá olùkọ́, mo sọ̀rọ̀ yín fún un, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní kí n kí yín, kí n sọ fún yín pé ẹni tó kú sún mọ́ omi, á ti gbọ́ pé ẹ ti ń wẹ̀.

Mo kó ẹ̀bùn fún wọn, ìyá ró ìró ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa àdìrẹ, ó gbóòórùn ẹ̀, ó jẹ obì kan. Mo wá gbé okùn tí mo so sílé lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí mo ti so ìwọ̀ mọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, ó fa orí okùn náà wá sétí bí ẹni ń gbọ́ nǹkan. Ó tú u. Ó ní kí n tún un so, kí n fi ẹnu rẹ okùn kí n tó fà á le. Mo so ó. Ó fọwọ́ bà á, ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà á, ó wá ké sí ọmọ ọmọ ẹ̀ nínú ilé pé kó gbé àjẹ̀ jáde.